Din agbara ota ku

"Kò mà kú o," Madamu Alice wí, ó sì tún yìnbọn.

Ọ̀gákọ̀ Agídí dúró lórí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń họ irùngbọ̀n. Ọta ṣakabùlà bà á láyà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ta jáde, ọkùnrin náà sì gbọn ara nù bí adìẹ tí òjò pa. Madamu Alice fi ìka tẹ ojú táblẹ́ẹ̀tì títí. Ó yọ idà, ó ṣá a. Ó ju iná sí i. Ó yí ìbọn àgbá tó wà ní iwájú ọkọ̀ tirẹ̀ sí i, ó yìn ín, gbogbo ojú táblẹ́ẹ̀tì sì kún fún èéfín. Nígbà tí èéfín lọ tán, Agídí ṣì wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń họ.

Àwọn tó jókòó nínú gbọ̀ngàn Ilé Àwọn Ọ̀dọ́ ní Savalou bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkà kọ́. Ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín bí ewúrẹ́ bá ṣèèṣì wọ mọ́ṣáláṣí ni. Ọkùnrin kan láti mérì, ilé ìjọba ìlú, tó wà lára àwọn onídàájọ́ ìdíje náà, tiẹ̀ ní kí wọ́n bá òun mú Agídí wá kó wá máa ṣọ́ ọjà lóru. Safourath dúró lẹ́yìn àga Madamu Alice, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná fún ìtìjú.

"Ó ń kú tẹ́lẹ̀," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí Romaric létí. "Kí lo ṣe sí i?"

"Ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. O kọ̀wé sí mi lánàá pé kí n dín agbára ọta kù. Mo dín in kù."

"Ọ̀tá ni mo wí!"

"Èmi náà ń wí bẹ́ẹ̀. Ọta."

"Ọ̀tá, Romaric. Ọ̀-tá! Àwọn ajalèlókun! Kì í ṣe ọta inú ìbọn!"

Romaric yíjú wo táblẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ Madamu Alice.

Àwọn méjèèjì ló ṣe géèmù náà. Romaric, ọmọ ẹ̀yà Mahi tí kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Savalou níbí, ló ń kọ òfin tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Safourath, ọmọ Bantè, ló ń ya àwọn ọkọ̀ àti òkun, òun tí kò tíì fojú kan òkun rí, tó jẹ́ pé omi tó tóbi jù tó mọ̀ ni èyí tí í bo ọ̀nà Agoua nígbà òjò. Òun náà ló ń díwọ̀n ìjà: bí idà kan ṣe gbọdọ̀ dunni tó, àti iye ẹ̀mí tí ajalèlókun kan gbọdọ̀ ní kó tó ṣubú. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ìyẹn kò tó iṣẹ́. Iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Bí ọ̀tá bá rọ̀ jù, géèmù á sú ẹni tó ń gbá a. Bí ó bá le jù, onítọ̀hún á bú ìyá ẹni tó ṣe é, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí Safourath ń wá ni pé kí ọ̀tá kú ní àkókò tí ọkàn ẹni tó ń bá a jà ti ń sọ pé òun ò ní lè ṣe é mọ́. Kò gbọdọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù ú lọ. Ọdún kan gbáko ló fi wá ìdíwọ̀n yìí fún Agídí nìkan.

Yàrá bàbá rẹ̀ ní ẹ̀bá títì Bantè ló ti ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá Ousmane ń tún rédíò ṣe nígbà ayé rẹ̀, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ to panẹ́ẹ̀lì tí ń gba iná oòrùn sórí òrùlé. Ó fún ọmọ rẹ̀ ní igun kan níbẹ̀, nígbà tó yá ó fún un ní ààbọ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ó fún un ní gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Ousmane jáde láyé.

Samsoudine, ẹ̀gbọ́n Safourath, télọ̀ ni, òun ló sì di olórí ilé báyìí. Ó pe àbúrò rẹ̀ jókòó lẹ́yìn ìsìnkú.

"Safou," ó ní, "mi ò bá ọ jà. Bàbá ló fún ọ láyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ, oògùn Ìyá ò sì bá a lọ. Alájì Jimoh fẹ́ yàrá yẹn, á máa kó ésáńsì rẹ̀, epo ọkọ̀ tó ń tà, síbẹ̀, á sì máa sanwó. Mo ti ní kó dúró dè ọ́. Lọ sí Savalou. Bí wọ́n bá mú géèmù yín, tí wọ́n ràn yín lọ́wọ́, yàrá di tìrẹ. Bí wọn ò bá mú un, mi ò tún mọ ohun tí mo lè ṣe."

Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wá ń dun Safourath jù níbẹ̀ nìyẹn, nítorí kò rí ẹni tó lè bínú sí. Láìsí yàrá, kò sí iná. Láìsí iná, kò sí kọ̀ǹpútà. Kò sì sí ibòmíràn nínú agboolé tí wọ́n lè gbé e sí.

Lánàá ni wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Safourath jókòó láàárín àwọn obìnrin, àlùfáà ń ké kéwú, ọkàn rẹ̀ sì ṣí lọ sí Savalou, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ó rántí pé àgbàlagbà ni àwọn onídàájọ́ yóò jẹ́. Ọwọ́ wọn kò ní yá. Agídí tó yẹ fún àwọn ọ̀dọ́ yóò le jù fún wọn, kí Romaric bá òun rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn látọjọ́ yìí wá, nítorí Romaric gbọ́ Yorùbá lẹ́nu dáadáa ṣùgbọ́n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ta ni yóò wá máa fi ohùn rán ọ̀rọ̀ ajalèlókun níbi àdúà bàbá rẹ̀? Safourath fi ìbòrí bo fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá, láìsí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ náà bí gbogbo ayé ti ń ṣe: Din agbara ota ku. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn yòókù ṣe àmín.

Madamu Alice gbé táblẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó yí padà. Ọmọ Ìdáàṣà ni, òun ló ṣáájú àwọn tó wá láti Cotonou. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ kí wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn jáde.

"Ọmọ mi, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

"Rárá, Mà. Àṣìṣe kan ló wọ̀ ọ́. Ẹ forí jì wá."

"Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ tún un ṣe, tó bá ṣe é tún ṣe. A ó jẹun, àwọn tó ń kírun á kírun. Ẹ̀yin ni ẹ ó kẹ́yìn."

Ṣé àánú kọ́ nìyẹn? Safourath fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, wọ́n sì jáde lọ sábẹ́ igi dongoyárò tó wà nínú ọgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dojú kọ ara wọn.

"O rí i pé kò kú, o sì gbé e wá!"

"Mo rí i pé ó le. Mo ní ìwọ lo mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà wo ni mo bá ọ jiyàn nọ́ńbà rí?"

"Ọjọ́ tó yẹ kí o bá mi jiyàn gan-an nìyẹn!"

"Kí ló dé tí o ò fi ohùn ránṣẹ́? Tó bá jẹ́ lẹ́nu rẹ ni, mo mọ ọ̀tá, mo mọ ọta. Nínú ìwé, ota kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú mi. Ìbọn ni mo kọ́kọ́ rò."

"Àdúà bàbá mi ni mo wà, Romaric."

"Ṣé o sọ fún mi pé ibẹ̀ lo wà ni?"

Kò sọ fún un. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló mú inú bí Safourath, ó sì sọ èyí tí kò yẹ kó sọ: "Àlejò ni ọ́ nínú èdè yìí. Àlejò lójú, kò fi ríran."

Romaric wò ó. Ó wo ilé tó yí wọn ká, ó wo ọ̀nà tó lọ sí ọjà níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń tajà.

"Ní Savalou yìí," ó ní, "nínú àwa méjèèjì, ta ni àlejò?"

Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, ó kẹ̀yìn sí i.

Safourath kò pè é. Ó kírun, ṣùgbọ́n kò mọ iye ìgbà tó forí kanlẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó ń wo ẹ̀yìn Romaric. Ó lè dìde kó lọ béèrè ibi tó bá a dé. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni. Àmọ́ ẹnu tó bú ènìyàn, ó máa ń wúwo láti fi bẹ̀ ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Bí ó bá tún ṣi í gbọ́ ńkọ́? Ó ṣí fóònù, ó wọ ojú ewé tí gbogbo nọ́ńbà ìjà wà, èyí tí àwọn méjèèjì lè ṣí níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ọta tí Romaric dín kù lánàá wà níbẹ̀, ó kéré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Ó gbé e sókè. Ó mú ẹ̀mí Agídí, ó gé e sí méjì, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yòókù. Ó mí kanlẹ̀. Ó ti tọ́ báyìí, ó sọ fún ara rẹ̀.

Ohun kan náà ni Romaric ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò fọwọ́ kan ojú ewé nọ́ńbà, nítorí ti Safourath nìyẹn, kò sì fẹ́ ìjà mọ́. Inú òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló gbà: ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó dá agbára padà fún gbogbo ọta, kí ó sì gé ẹ̀mí àwọn ọ̀tá sí méjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà bí ìgbín. Ó ṣì ń kó o sínú táblẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n pè wọ́n wọlé, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tíì gbá a wò.

"Ó ti dára?" Safourath bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti dára," Romaric fèsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bá ara wọn sọ nìyẹn.

Madamu Alice ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Agídí dà? Mo ti jẹun báyìí."

Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan. Agídí ṣubú sínú omi kí ó tó gbọ́wọ́ dé irùngbọ̀n. Ajalèlókun kejì sáré jáde, ọta tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló pa á. Madamu Alice yí ìbọn àgbá, ó yìn ín, ọkọ̀ méjì rì pọ̀ pẹ̀lú gbogbo èrò inú wọn. Orin ìṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà kò tíì fara ti àga dáadáa tí géèmù fi parí.

Ẹ̀rín ti àárọ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Àwọn kan ń gbá itan wọn.

"Ajalèlókun tí ikọ́ lásán lè pa!" ọkùnrin mérì wí, ó ń nu ojú. "Ní àárọ̀, wọn kò kú. Ní ọ̀sán, ẹ ò gbọdọ̀ sín níwájú wọn."

Safourath wo Romaric, Romaric wo Safourath. Wọn kò ní láti sọ ọ́. Kálukú wọn ti mọ ohun tí ẹnìkejì ṣe: àtúnṣe kan náà ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lórí èkejì.

Madamu Alice kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀. "Àwòrán yín wù mí," ó ní. "Òkun yẹn, ó dà bíi pé mo ń gbọ́ òórùn iyọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi méjì hàn mí lónìí, kò sì sí èyí tí mo lè gbé dé Cotonou nínú méjèèjì. N kò lè lọ sọ fún àwọn ọ̀gá mi pé ẹ̀kẹta ni yóò dára."

Àwọn ọmọ Koko, ẹgbẹ́ mìíràn nínú ìdíje náà, ni wọ́n mú. Àwọn yẹn ṣe ohun kan tí í sọ fún àgbẹ̀ iye tí iṣu ń lọ lọ́jà kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ní kó ṣiṣẹ́.

Romaric sin Safourath dé ibùdókọ̀. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Bantè títí ó fi fẹ́ kún.

"Ọ̀rọ̀ àlejò tí mo sọ yẹn," Safourath bẹ̀rẹ̀.

"Fi sílẹ̀."

"Kò tọ́ kí n sọ ọ́."

"Mo ní fi sílẹ̀, Safou." Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Parakou ti ríṣẹ́ kan fún mi, àkọsílẹ̀ ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Mo ti ń sọ pé kó dúró, kó dúró. Mi ò lè tún sọ pé kó dúró mọ́."

"Ó yé mi."

"Bá mi kí Ìyá. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sáfẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," ó ní, ó sì wọ ọkọ̀. Kò sunkún. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé adìẹ lé itan, adìẹ náà ń ṣá Safourath lọ́wọ́ títí wọ́n fi kọjá Gouka, kò sì gbé ọwọ́ kúrò.

Nígbà tó dé ilé, oòrùn ti ń rọ̀. Samsoudine àti Alájì Jimoh jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá. Ọmọ Ṣakí ni Jimoh, ó ti pẹ́ ní Bantè tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi Ìṣà, èdè ìlú náà, bú ara wọn. Àwọn méjèèjì wo ojú rẹ̀, wọn kò sì béèrè nǹkan kan.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Alájì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúulé."

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi," Jimoh dáhùn. "Ọlọ́run ò ní fi èyí tó jù báyìí lọ dán wa wò."

"Àmín."

Ó wọ yàrá, ó tan kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ mọ bí ì bá ti rí ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló tún un ṣe. Ó ṣí ojú ewé nọ́ńbà, ó pa gbogbo ohun tó kọ lábẹ́ igi dongoyárò rẹ́, ó fa òfin tuntun tí Romaric kọ wọlé, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọsàn. Lẹ́yìn náà ó gbá a.

Ó tọ́. Agídí jà, ó rẹ Agídí, Agídí tún gbéra, ó sì kú ní àkókò tó yẹ kó kú. Kò lé, kò dín. Ìdíwọ̀n tó bẹ̀bẹ̀ fún níbi àdúà gan-an ni Romaric fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú ìbínú lọ́kàn. Ká ní Safourath jókòó lábẹ́ igi kó máa wo èèrà lásán ni, wọn ì bá mú wọn. Ọwọ́ òun ló pa á, kì í ṣe ọwọ́ Mahi kankan. Ó gbé orí lé apá.

Samsoudine dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì wo géèmù náà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ohun tó gba gbogbo ọdún wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ nìyí?"

"Òun ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ó dìde fún un, ó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án. Samsoudine jókòó, ó tẹ ara síwájú bí ìgbà tó bá fẹ́ fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Agídí pa á. Ó ní àga ni kò ga tó. Agídí tún pa á. Ó ṣòṣé, ó bọ́ fìlà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó yìnbọn, ó sá, ó fi idà ṣá a, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó tó àsìkò kan, ó gbọ́wọ́ kúrò.

"Ọkùnrin yìí ò ṣe é pa. Ẹ ti fi oògùn sí i lára."

"Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Kò ní kú."

"Ẹ yìn ín ná."

Ó yìn ín. Agídí di àyà mú, ó wo ọ̀run, ó fẹ̀yìn ṣubú sínú òkun. Samsoudine fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo pa á! Safou, ṣé o rí i? Mo pa á!"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbá ògiri mú. Safourath kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wọn ti wà lórí àìsàn. Nígbà tó sinmi, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Ó dára o. Ó dára gan-an ni. Kí ló dé tí wọn ò mú un?"

"Èyí kọ́ ni wọ́n rí."

Ní ìta, wọ́n ti ń sọ̀ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ohùn Alájì Jimoh ń sọ pé kí wọ́n rọra. Òórùn ésáńsì gba ojú fèrèsé wọlé. Samsoudine wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àbúrò rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Safourath ń wo ẹnu rẹ̀. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé òun ṣì ń retí nǹkan.

"Mo ti bá Alájì parí ọ̀rọ̀ yàrá," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí níkẹyìn. "Lóṣù yìí ni wọ́n ní kí a yí oògùn Ìyá padà."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ó pa kọ̀ǹpútà. Ó yọ àwọn okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn, ó gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró ní apá kan tábìlì, ó di etí tábìlì náà mú.

"Ẹ bá mi gbé apá ọ̀hún," ó ní. "A ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà."